Wáyà Adáká Inú Àjà: Bí A Ṣe Ń Yàn Án fún Ṣọ́ọ̀bù Inú Ilé àti Ìperí tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ìperí mu púpọ̀, nítorí pé orúkọ tí a bá sọ ohun èlò láìwo inú ilé rẹ̀ lè ṣi ẹni tí yóò lò ó lọ́nà. Ohun èlò kan wà tí ó fi òótọ́ òwe náà hàn kedere. Òun ni wáyà ìfàgùn tí a gbé kọ́ inú àjà, tí a ń fà wálẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó, tí ó sì ń ká ara rẹ̀ padà sínú ilé rẹ̀ lókè nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe wáyà tí ó wà nílẹ̀ pálọ̀ àti èyí tí ó ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ àyálò náà ti di ti àwọn tí ń sọ Yorùbá, kò sì sí ìdí tí a ó fi lé e lọ. Ṣùgbọ́n ó bo ìyàtọ̀ kan mọ́lẹ̀ tí ó lè sun ilé. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tẹ̀lé ẹni tí ó ń yan irú wáyà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì tọ́ka sí ìperí tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ìbéèrè tí kò ní ọ̀rọ̀ ṣòro fún ẹnu láti béèrè, ẹni tí kò bá sì lè béèrè yóò ra ohun tí a bá gbé lé e lọ́wọ́.

2. Ohun èlò náà àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ṣọ́ọ̀bù inú ilé kì í sábà ju yàrá kan lọ. Ó lè jẹ́ gáréèjì tí ọkọ̀ kò wọ̀ mọ́, ó sì lè jẹ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé tí a fi páànù bò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń wà lára ògiri rẹ̀, tábìlì iṣẹ́ sì wà láàárín. Láti ara ògiri dé ibi tábìlì, wáyà ní láti gba ilẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ìyọnu sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó gbé pákó gígùn léjìká kò rí i rárá. Ayùn oníná lè gé e, ẹsẹ̀ tábìlì sì lè tẹ̀ ẹ́ títí èèpo rẹ̀ yóò fi bó. Nígbà tí wáyà bá ti òkè wá, ilẹ̀ yóò mọ́, ẹnu wáyà yóò sì wà lójú ibi tí iṣẹ́ wà.

Inú ilé ike tàbí irin kan ni kẹ̀kẹ́ wà tí wáyà kákò sí lára, gẹ́gẹ́ bí òwú ti ń kákò sára kẹ̀kẹ́ òwú. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan, tí ó jọ ti inú aago tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wáìdì, wà láàárín kẹ̀kẹ́ náà. Bí a bá ti ń fa wáyà wálẹ̀ ni sípíríǹgì yìí ń le sí i. Eyín wà lára kẹ̀kẹ́, ìkọ́ kékeré kan sì ń bọ́ sáàárín àwọn eyín náà, òun ni ó ń dún kà, kà, kà bí wáyà ti ń jáde. Ibi tí ìkọ́ bá há sí ni wáyà yóò dúró sí. Bí a bá tún fà á díẹ̀, ìkọ́ yóò yẹ̀, sípíríǹgì yóò sì ká wáyà padà.

Kẹ̀kẹ́ ń yí, ṣùgbọ́n wáyà tí ó ti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì wá kò gbọdọ̀ lọ́. Nítorí náà, òrùka bàbà ni ó ń gba iná láti ibi tí ó dúró sójú kan lọ sí ibi tí ó ń yí, ahọ́n irin tàbí kábọ́ọ̀nù ni ó sì ń fara kan òrùka náà. Lórí wáyà nítòsí ẹnu rẹ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà kan wà tí a lè sún síwá sẹ́yìn. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu wáyà gòkè kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó.

3. Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́?

Orúkọ mẹ́rin ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni 'ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n àjà'. Ó yé ènìyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ohun èlò náà wà nìkan ni ó sọ. Kò sọ pé ó ń ká ara rẹ̀. Èkejì ni 'okùn iná'. Orúkọ yìí rẹwà létí, ó sì ṣòro láti fara mọ́, nítorí pé okùn jẹ́ ohun tí a fi ń so nǹkan tí a sì ń fi nǹkan kọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ 'okùn' lè fi ẹ̀rọ kọ́ ọ lókè, bẹ́ẹ̀ ni wáyà yìí kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan yàtọ̀ sí iná.

Ẹ̀kẹta ni 'wáyà afàsẹ́yìn'. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ó tọ́: ohun tí ó ń fà sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n lílò ọ̀rọ̀ ju ìtúpalẹ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́nu àwọn tí ń sọ Yorùbá, ìfàsẹ́yìn ni ohun tí kò jẹ́ kí ènìyàn tẹ̀ síwájú. Ta ni yóò fi owó ra wáyà tí orúkọ rẹ̀ ń ṣe ìlérí ìfàsẹ́yìn?

Ẹ̀kẹrin ni 'wáyà adáká'. Àpẹẹrẹ 'adáṣe' àti 'adádúró' ni a tẹ̀lé láti ṣẹ̀dá rẹ̀: ohun tí ó ń dá ká láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'ká' kò ṣàjèjì, nítorí pé a ń ká ẹní, a sì ń ká okùn. Ó kúrú, ó ṣeé pè, ó sì fi iṣẹ́ hàn. Bí a bá fẹ́ sọ ibi tí ó wà, a ó pè é ní 'wáyà adáká inú àjà'. Orúkọ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò. Àǹfààní kan tún wà lára rẹ̀ tí ó ju gbogbo èyí lọ: ó ń rán olùlò létí, nígbàkúùgbà tí ó bá pe orúkọ náà, pé wáyà yìí wà ní kíkákò. Apá karùn-ún yóò fi ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì hàn.

4. Gígùn: pípọ̀ rẹ̀ kọ́ ni dídára rẹ̀

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ń ra wáyà ni gígùn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rò pé èyí tí ó gùn jù ni ó dára jù. Fún wáyà adáká, èrò yìí kò tọ́.

Kí a mú ṣọ́ọ̀bù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Bí a bá gbé wáyà kọ́ àárín àjà náà gan-an, láti abẹ́ rẹ̀ dé igun yàrá jẹ́ mítà 3.6. Tábìlì iṣẹ́ sábà máa ń ga tó 0.9 mítà, ìyẹn ni pé wáyà yóò sọ̀kalẹ̀ ní mítà 2.1. Bí a bá fi òfin Pitágọ́rà ṣírò rẹ̀, láti ẹnu ilé wáyà dé orí tábìlì tí ó wà ní igun yàrá kò ju mítà 4.2 lọ. Kí a fi mítà 2 kún un kí wáyà má baà le gbagidi, kí ọwọ́ sì rí ibi yí sí. Mítà 6 sí 7 ti tó nínú yàrá náà.

Ẹni tí ó bá ra mítà 15 nítorí yàrá yìí ti ra mítà 8 tí kò ní í jáde rí. Kì í ṣe owó nìkan ni ó ṣòfò. Mítà 8 náà yóò máa wà nínú ilé rẹ̀ lókè, ní kíkákò, iná yóò sì máa gba inú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ.

5. Ẹrù àkákò àti ẹrù àfàtán

Kókó gbogbo ọ̀rọ̀ nìyí. Nígbà tí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, wáyà ń takò ó díẹ̀, ìtakò náà sì ń di ooru. James Prescott Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní nǹkan bí 1840 pé bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Áńpù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ A, ni a fi ń wọn ìṣàn. Fọ́ọ̀tì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ V, ni a fi ń wọn ipá tí ó ń ti iná. Wáàtì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ W, ni a fi ń wọn iṣẹ́ tàbí ooru tí ó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Kí a wá mú wáyà bàbà tí ó gùn ní mítà 10, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1.5 mm². Iná ń lọ ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 20 ni ó ń rìn nínú bàbà. Bí ìṣàn bá jẹ́ 10 A, ooru tí yóò jáde lára gbogbo wáyà náà jẹ́ nǹkan bí 23 W. Bí a bá fa wáyà náà tán, tí ó nà gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́, mítà kọ̀ọ̀kan kò ní ju 2.3 W lọ, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá kákò, ooru ìpele kan ń wọ inú ìpele kejì, kò sì rí ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀pọ̀ irin kékeré tí àwọn alátúnṣe rédíò fi ń yọ́ òjé kò lò ju 25 W sí 40 W lọ. Kí a wá ro bí yóò ti rí bí a bá ti irú ooru bẹ́ẹ̀ mọ́ inú ilé ike kan fún wákàtí kan. Èèpo ike tí ó wọ́pọ̀ lára wáyà, a ṣe é kí ó lè fara da ooru tí kò ju 70°C lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, yóò máa rọ̀, wáyà yóò fara kan wáyà, iná yóò sì ṣẹ́.

Nítorí ìdí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń kọ nọ́ńbà méjì sára wáyà tí ó ní kẹ̀kẹ́. Nọ́ńbà kan jẹ́ ti ìgbà tí wáyà bá kákò, èkejì jẹ́ ti ìgbà tí a bá fà á tán. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ kì í tó ìdá kan nínú méjì ti èkejì. Wáyà tí a kọ nǹkan bí 3,000 W sí lára bí a bá fà á tán lè má gbà ju nǹkan bí 1,000 W lọ bí ó bá kákò.

Fún wáyà ìfàgùn tí a ń gbé kiri, ìmọ̀ràn rọrùn: kí a tú u tán kí a tó lò ó. Ṣùgbọ́n wáyà adáká inú àjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tí a nílò ni a ń fà, ìyókù ń wà lókè. Ìyẹn ni pé kíkákò kì í ṣe àṣìlò fún un. Ìwà rẹ̀ ni. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ó kéré ni ó yẹ kí a fi yàn án, kì í ṣe èyí tí ó tóbi. Ooru abẹ́ páànù tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ìwọ̀n tí wáyà lè gbé, 30°C ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. Ẹni tí ó bá ti dúró lábẹ́ páànù lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ooru ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wo ni olùkọ́ tàbí oníṣòwò lè fi sọ gbogbo èyí ní kúkúrú? Kí a fojú inú wo ìtàkùrọ̀sọ yìí láàárín àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta ohun èlò iná:

— Ọmọ mi, báwo ni ohun tí èyí lè gbé ti pọ̀ tó?
— Bàbá, kò sí ohun tí kò lè gbé. Táàtíìn áńpù ni.
— Bí ó bá wà ní kíkákò ńkọ́?
— Kíkákò bí i ti báwo, sà?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́, kò sì ya òpè. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ ni. 'Lóòdù' ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pe ohun tí wáyà ń gbé, Yorùbá sì ti ní 'ẹrù' tí ó bá a mu régí, nítorí pé ẹrù lè wúwo ju ẹni tí ó rù ú lọ. Ìperí méjì ni a nílò: 'ẹrù àkákò' fún èyí tí wáyà lè gbé bí ó bá kákò sínú ilé rẹ̀, àti 'ẹrù àfàtán' fún èyí tí ó lè gbé bí a bá fà á jáde tán. A lè rò pé 'àtútán' ni ó yẹ dípò 'àfàtán', ṣùgbọ́n kókó àti ẹrù dídì ni a sábà máa ń tú. Wáyà adáká, fífà ni a ń fà á. Bí àwọn ìperí méjèèjì bá wà lẹ́nu, ìbéèrè àgbàlagbà yẹn kò ní gbà ju gbólóhùn kan lọ: 'Mélòó ni ẹrù àkákò rẹ̀?'

Ẹ̀yà kan tún wà nínú wáyà adáká tí ó dára tí ó ń gé iná nígbà tí ooru inú ilé wáyà bá pọ̀ jù. 'Aṣọ́ooru' ni a lè pè é, ní ìbámu pẹ̀lú aṣọ́bodè àti aṣọ́gbà. Ẹni tí kò mọ̀ pé aṣọ́ooru wà yóò rò pé iná ìjọba ni ó lọ, yóò máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ padà léraléra láìjẹ́ kí wáyà tutù. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ yóò mọ̀ pé aṣọ́bodè kì í ké láìnídìí.

6. Ìtóbi ojú wáyà àti nọ́ńbà tí ń dorí kodò

Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná nílẹ̀ Nàìjíríà, nọ́ńbà bí 1.5 tàbí 2.5 ni a fi ń dárúkọ wáyà. Ìwọ̀n ojú bàbà inú rẹ̀ ní mm² ni nọ́ńbà náà. Bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ ni wáyà ń nípọn, ooru rẹ̀ sì ń dín kù. Wáyà mítà 10 tí ó ń mú 23 W ooru jáde nígbà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1.5 yóò mú nǹkan bí 34 W jáde bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ 1.0, àti nǹkan bí 14 W bí ó bá jẹ́ 2.5.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ìkà mìíràn ni wọ́n ń lò, ó sì ń dorí kodò: bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi ni wáyà ń tín-ín-rín. Nọ́ńbà 12 wọn jẹ́ nǹkan bí 3.3 mm², nọ́ńbà 14 jẹ́ nǹkan bí 2.1 mm², nọ́ńbà 16 sì jẹ́ nǹkan bí 1.3 mm². Èyí kan ilé Yorùbá tààrà, nítorí pé àwọn ọmọ ilé tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Atúmọ̀ tí ó bá kọ 'wáyà ńlá, nọ́ńbà 16' nítorí pé 16 ju 12 lọ ti tan òǹkàwé jẹ. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí a máa yí gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí padà sí mm², kí a sì máa pe ìwọ̀n náà ní 'ìtóbi ojú wáyà'.

Ìyàtọ̀ ipá iná tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 120 V ni ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, 230 V ni. Ayùn oníná tí ó ń lo 1,400 W yóò fa nǹkan bí 6 A lórí 230 V, ṣùgbọ́n yóò fa nǹkan bí 11.7 A bí a bá ṣe é fún 120 V. Bí wáyà méjèèjì bá tóbi bákan náà, ooru ti èkejì yóò ju ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ti èkíní lọ. Wáyà adáká tí a sì kọ 125 V sí lára, kò yẹ kí a fi í sínú 230 V rárá.

Kí olùrà tún wádìí bóyá bàbà gidi ni ó wà nínú wáyà. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí a fi bàbà pa lára. Alumíníọ́ọ̀mù ń tako iná ní nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ti bàbà, nítorí náà wáyà bẹ́ẹ̀ yóò gbóná ju bí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti sọ lọ.

7. Àwọ̀ wáyà àti àwọ̀ èdè

Wáyà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà nínú wáyà adáká. 'Láìfù', 'níútírà' àti 'ẹ́ẹ̀tì' ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, àwọ̀ ni a fi ń júwe wọn fún ọmọ iṣẹ́: 'Mú pupa wá, fi dúdú sílẹ̀.' Ọ̀rọ̀ náà wá di ti onímọ̀ èdè.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìpìlẹ̀ ti Yorùbá, ìyẹn dúdú, funfun àti pupa, gba ilẹ̀ púpọ̀. Pupa ń gba àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí àwọn mìíràn ń pè ní búráùn. Dúdú ń gba àwọ̀ èédú, ó sì ń gba àwọ̀ aró. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún wáyà ara ògiri, tí ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, fi pupa ṣe láìfù, ó fi dúdú ṣe níútírà. Ìlànà tí ó wà lóde báyìí fi búráùn ṣe láìfù, ó fi búlúù ṣe níútírà. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀, kò sí ohun tí ó yí padà: pupa ṣì ni láìfù, dúdú ṣì ni níútírà. Èdè gba ènìyàn là láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n bí wáyà bá ti Amẹ́ríkà wá, ìgbàlà náà di ikú. Níbẹ̀, wáyà dúdú ni láìfù, funfun ni níútírà. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ pé 'dúdú kò ní nǹkan ṣe' yóò fọwọ́ kan ikú. Nítorí náà, iṣẹ́ wáyà ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. 'Amúnáwá' ni èyí tí ó ń mú iná wá sára ẹ̀rọ, 'adánápadà' ni èyí tí ó ń dá a padà, 'amúnárelẹ̀' sì ni èyí tí ó ń mú iná tí ó bá ṣìnà re inú ilẹ̀. Kí àwọ̀ máa tẹ̀ lé orúkọ gẹ́gẹ́ bí àlàyé, pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ tí wáyà ti wá.

Àwọn orúkọ yìí tún ń ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ààbò kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú wáyà adáká lára ògiri. Ó ń fi iná tí ó gba amúnáwá lọ wé èyí tí ó gba adánápadà bọ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé iná ń jò sí ibòmíràn, bóyá sára ènìyàn, ẹ̀rọ náà yóò sì gé iná kíákíá. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń ṣiṣẹ́ bí iná tí ó jò bá tó 30 mA, ìyẹn ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún áńpù kan. Fíúsì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìwọ̀nba iná tí ó lè pa ènìyàn kéré púpọ̀ sí èyí tí ó lè yọ́ fíúsì. 'Aṣọ́jò' ni orúkọ tí ó bá a mu. Kí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ sórí àkọlé má ṣe gbàgbé àmì ohùn, nítorí pé iná tí ń jò kì í ṣe iná tí ń jó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní lè bí èkejì.

8. Gbígbé e kọ́

'Gbé e kọ́ àjà' dàbí ìtọ́ni tí ó yéni, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní àjà lónìí: igi tí ó wà lókè, àti pátákó tí a fi bo abẹ́ igi náà, tí a tún ń pè ní sílíìnì. Pátákó kò lè gbé wáyà adáká. Kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni yóò máa fà á, ọwọ́ tí ń fa wáyà wálẹ̀ lójoojúmọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtọ́ni tí ó péye ni kí a sọ pé 'igi àjà' ni kí ìdè rẹ̀ wọ̀. Nínú àwọn ilé àtijọ́, àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni pátákó àjà wọn. Eruku tí ń jáde bí a bá lu irú pátákó bẹ́ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè má farahàn títí ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi kọjá. Ẹni tí kò bá ní igi àjà tí ó hàn síta nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó gbé wáyà rẹ̀ kọ́ òkè ògiri.

Kí ilé wáyà má ṣe wà lókè ojú ayùn gan-an, kí wáyà má baà já lu eyín rẹ̀. Kí ìdè rẹ̀ lè yí sọ́tùn-ún sósì, kí wáyà má baà máa ha etí ilé rẹ̀. Kí a fi bọ́ọ̀lù rọ́bà sí ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó kúrú jù nínú ṣọ́ọ̀bù lè tó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a di ẹnu wáyà mú kí a sì bá a rìn padà. Ẹni tí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì ti sọ ẹnu wáyà di òkò. Ẹ̀rọ ìjórin kò sì jẹ́ ẹrù fún wáyà yìí. Kí ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ní 1970, nígbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, ó sì dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ṣọ́ọ̀bù kò sí lára rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìwé náà. Ẹrù iṣẹ́ tí ó kù nìyẹn. Nínú iṣẹ́ ọ̀hún, kì í ṣe dandan kí a lé wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúsì tàbí sípíríǹgì jáde. Wọ́n ti jókòó, wọn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sí ni ibi tí àìsí ọ̀rọ̀ ti ń pa ènìyàn lára: adáká, ẹrù àkákò, ẹrù àfàtán, ìtóbi ojú wáyà, amúnáwá, adánápadà, amúnárelẹ̀, aṣọ́ooru, aṣọ́jò, igi àjà.

Bí àwọn olùkọ́ bá tẹ́wọ́ gbà wọ́n, àkọlé tí ó yẹ kí a lẹ̀ mọ́ ara wáyà adáká kan lè rí báyìí:

WÁYÀ ADÁKÁ INÚ ÀJÀ, 230 V. Mítà 10, ìtóbi ojú wáyà 1.5 mm², bàbà.
Ẹrù àkákò: 1,000 W. Ẹrù àfàtán: 3,000 W.
Ẹrù àkákò ni kí ẹ máa fi yan ẹ̀rọ yín. Bí iṣẹ́ bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fa wáyà tán.
Bí aṣọ́ooru bá gé iná, ẹ jẹ́ kí wáyà tutù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ padà.